Orin Kọ̀ǹpútà Lójú Agbo: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ojú ìwé yìí wà fún ẹni tó ti rí àwọn kan tí wọ́n jókòó sídìí láptọ́ọ̀pù níwájú èrò, tí ìró tó ṣàjèjì ń jáde nínú sípíkà, tó sì ń bi ara rẹ̀ pé kí lèyí. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi àwa tí a ń ṣe é ni mo kó jọ síbí. Ìdáhùn kan gùn, òmíràn ò ju ìlà méjì lọ.

Ṣé kì í ṣe kọ̀ǹpútà ni gbogbo olórin ń lò báyìí? Kí ló wá yàtọ̀ nínú tiyín?

Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ wọ sítúdíò èyíkéyìí l'Ékòó, kọ̀ǹpútà lẹ máa bá níbẹ̀, ì báà jẹ́ Afrobeats ni wọ́n ń ṣe, ì báà jẹ́ fújì tàbí orin ìyìn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rán kọ̀ǹpútà nínú sítúdíò ni pé kó gba ohùn sílẹ̀, kó tò ó, kó tún un ṣe, kó sì máa gbé e jáde bákan náà nígbàkigbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Nínú orin tí à ń sọ yìí, ojú agbo gan-an ni kọ̀ǹpútà ti ń ṣiṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà bó ṣe máa parí. Ẹnì kan lè máa kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, níwájú èrò. Ẹlòmíràn lè máa fọn fèrè kí kọ̀ǹpútà máa dá a lóhùn. Àwọn mẹ́fà lè so kọ̀ǹpútà wọn pọ̀, kí ti ẹnì kan máa da ti ẹnì kejì rú.

Ohun kan wà tí mo fi ń dán an wò. Bí nǹkan bá yí padà nínú yàrá, ṣé orin náà á mọ̀? Bí onífèrè bá yọwọ́ lójijì, bí wáyà kan bá já, bí ẹnì kan bá húkọ́ nítòsí máíkì, ṣé ó máa hàn nínú ohun tí à ń gbọ́? Bí kò bá ní hàn, ohun tí wọ́n ti ṣe nílé ni wọ́n ń tẹ̀ fún wa. Kò burú, àwọn orin tó dára gan-an wà nínú ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ojú ìwé yìí dá lé.

Ta ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?

Ní 1951, ní ìlú Manchester, kọ̀ǹpútà Ferranti Mark 1 kọ orin ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BBC sì gbà á sílẹ̀. Ìró tí ẹ̀rọ náà fi ń ké sí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ni wọ́n yí dà sí orin. Ní ilẹ̀ Ọsirélíà náà, kọ̀ǹpútà tí wọ́n padà sọ ní CSIRAC ti ń kọrin ní nǹkan bí àsìkò kan náà.

Àmọ́ ẹni tí gbogbo wa gbà ní baba ni Max Mathews, ẹnjiníà ní iléeṣẹ́ ìwádìí Bell Labs, ní Murray Hill, ìpínlẹ̀ New Jersey. Ní 1957 ló kọ ètò tó pè ní MUSIC, tó ń ṣírò ìró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lórí kọ̀ǹpútà IBM 704. Orin àkọ́kọ́ tó ti inú rẹ̀ jáde, Newman Guttman ló ṣe é, kò ju ìṣẹ́jú àáyá 17 lọ. Ẹ sì gbọ́ ìnira tó wà níbẹ̀: New York ni kọ̀ǹpútà náà wà. Wọ́n á lọ ṣe ìṣirò níbẹ̀, wọ́n á gbé téèpù padà sí Murray Hill kí wọ́n tó lè mọ bí ohun tí wọ́n ṣe ṣe ń dún. Lọ́dún yẹn kan náà, Lejaren Hiller àti Leonard Isaacson ní Yunifásítì Illinois jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ILLIAC yan nóòtì fún àwọn mẹ́rin tó ń ta fáólì àti àwọn ẹ̀gbọ́n fáólì. Kọ̀ǹpútà ṣírò tirẹ̀ tán, ó tẹ̀ é síwèé, èèyàn wá lọ ta á.

Kò sí ojú agbo nínú èyíkéyìí nínú wọn. Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn tóbi tó yàrá, ó sì lọ́ra ju orin lọ.

Kí ni wọ́n wá ń ṣe lójú agbo nígbà tí kọ̀ǹpútà ò tíì lè bá wọn débẹ̀?

Máíkì, wáyà àti sípíkà ni wọ́n ń lò. John Cage, olórin ará Amẹ́ríkà, kó abẹ́rẹ́ gramafóònù jọ ní 1960, wọ́n ń ki oríṣiríṣi nǹkan bọ ihò rẹ̀, wọ́n ń fi í ha nǹkan, ìró kékeré tí etí ò lè gbọ́ sì di ńlá. Ní Jámánì, olórin kan tó ń jẹ́ Stockhausen gbé agogo ràbàtà kan kalẹ̀ ní 1964: àwọn méjì ń lù ú, àwọn méjì mú máíkì dání tí wọ́n ń fi í rìn lójú agogo náà, àwọn méjì tó kù ń yí bọ́tìnì tó ń sẹ́ ohùn náà. Ní Róòmù, ní 1966, ẹgbẹ́ Musica Elettronica Viva bẹ̀rẹ̀ sí í dá orin lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú irin, gíláàsì àti ẹ̀rọ iná.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Alvin Lucier ní 1965. Ó jókòó, wọ́n lẹ wáyà mọ́ orí rẹ̀, ó dijú. Bí ọpọlọ bá balẹ̀ tí ojú sì padé, ìgbì kan máa ń jáde lára ọpọlọ ní nǹkan bí ìgbà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Etí ò lè gbọ́ ọ, ó ti lọ sílẹ̀ jù. Àmọ́ bí wọ́n bá sọ ọ́ di ńlá, ó lè mi sípíkà. Wọ́n to ìlù àti agogo ti sípíkà káàkiri yàrá, ni ìlù bá ń dún láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Bó bá lajú, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ìṣòro kan, ìlù á dákẹ́. Ẹni tó bá sapá kó dún, kò ní dún.

Áfíríkà ńkọ́? Ṣé àwọn òyìnbó nìkan ló wà nídìí ẹ̀?

Rárá o. Halim El-Dabh, ọmọ Íjíbítì, ti wà nídìí ẹ̀ kí àwọn ará Paris tó dé. Ní 1944, ní Káírò, ó yá ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sórí wáyà irin lọ́wọ́ iléeṣẹ́ rédíò, ó gbé e lọ síbi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe zaar, ìyẹn ètò ìwòsàn tó kún fún orin àti ìlù. Ó gbà á sílẹ̀, ó wá wọ sítúdíò, ó yọ ìbẹ̀rẹ̀ ohùn kúrò, ó fi gbohùngbohùn kún un, ó sún ògiri yàrá síwá sẹ́yìn títí ohùn obìnrin fi di nǹkan mìíràn pátápátá. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, ní 1948, ni Pierre Schaeffer fi ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ṣe orin tirẹ̀ ní Paris, tí àwọn ìwé ìtàn sì ń fi bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀. El-Dabh padà di olùkọ́ ní Kent State, ní Amẹ́ríkà, ó kú ní 2017. Mo máa ń bínú bí wọ́n bá kọ ìtàn yìí láì dárúkọ rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, ẹni tí ayé mọ̀ jù nídìí iṣẹ́ ìró ni Emeka Ogboh, tó ń gba ariwo Èkó sílẹ̀, àwọn kọ̀ǹdọ́ ń kígbe orúkọ ibùdókọ̀, danfo ń kù, tó sì ń gbé e kalẹ̀ nínú àwọn gbọ̀ngàn ọnà ilẹ̀ òkèèrè. Iṣẹ́ tirẹ̀ kì í sábà jẹ́ eré ojú agbo, àmọ́ etí tó fi ń gbọ́ Èkó yẹn, ẹni tó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ wa yìí nílò rẹ̀.

Ìgbà wo ni kọ̀ǹpútà wá dé ojú agbo?

Nígbà tí ó kéré tó ohun tí èèyàn lè gbé sápò. Ní 1976, kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ KIM-1 jáde ní Amẹ́ríkà, dọ́là 245. Pátákó tín-ín-rín kan ni, kò ní àpótí, kò ní sikirínì. Bọ́tìnì bíi ti kalikulétọ̀ ló ní, pẹ̀lú àyè nọ́ńbà mẹ́fà pupa tó ń tàn. Gbogbo ohun tó lè rántí kò ju nǹkan bí kílóbáìtì kan lọ; fọ́tò kan ṣoṣo lórí fóònù yín lónìí tóbi jù ú lọ ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà.

Àwọn kan nítòsí San Francisco rà á. Jim Horton, John Bischoff àti Rich Gold ni wọ́n kọ́kọ́ para pọ̀, David Behrman àti Tim Perkis náà wá dara pọ̀ mọ́ wọn nígbà tó yá. Wọ́n pe ara wọn ní League of Automatic Music Composers, wọ́n sì ṣe é láti nǹkan bí ìparí 1977 títí di 1983. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní nǹkan ṣe pẹ̀lú Mills College ní Oakland.

Ohun tí wọ́n ṣe rọrùn láti sọ, ó sì ṣòroó gbàgbé. Ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ ètò tirẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ètò tó lè dá orin fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n fa wáyà láti ara kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn. Nọ́ńbà tí ti Horton ń lò láti yan ohùn lè bọ́ sọ́wọ́ ti Bischoff, tí ti Bischoff á fi pinnu ìgbà tó máa dákẹ́. Kò sí ọ̀gá láàárín wọn. Ní 1979, wọ́n ń gbé e kalẹ̀ ní Finnish Hall ní ìlú Berkeley, lọ́sẹ̀ méjì-méjì: wọ́n á so wáyà fún wákàtí bíi mélòó kan, wọ́n á jẹ́ kí ẹ̀rọ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, ẹni tó bá fẹ́ á wọlé wá gbọ́, ẹni tó bá sú á jáde lọ. Àwọn fúnra wọn á máa yí bọ́tìnì díẹ̀díẹ̀, tàbí kí wọ́n kàn jókòó máa gbọ́ bíi ti àlejò.

Nínú ẹgbẹ́ yìí ni ẹgbẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ The Hub ti jáde. Ní 1987, wọ́n pín ara wọn sí méjì ní New York, àwọn mẹ́ta ní gbọ̀ngàn kan, àwọn mẹ́ta ní òmíràn, wọ́n fi wáyà tẹlifóònù so wọ́n pọ̀. Ẹ rántí pé kò sí íntánẹ́ẹ̀tì nílé ẹnikẹ́ni nígbà yẹn.

Ṣé kọ̀ǹpútà lè gbọ́ orin ní tòótọ́, àbí ẹ kàn ń fẹnu sọ ọ́ ni?

Ìbéèrè yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dá a lóhùn.

George Lewis, adúláwọ̀ ọmọ Chicago, trombone ló ń fọn. Ó wọ ẹgbẹ́ AACM ní 1971, ẹgbẹ́ tí àwọn olórin adúláwọ̀ dá sílẹ̀ ní Chicago ní 1965 nítorí pé wọ́n fẹ́ máa dá orin tara wọn, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wọn pé jáàsì nìkan ló tọ́ sí wọn. Lewis rí àwọn KIM-1 tí àwọn ará Mills ń lò, ó ra tirẹ̀, ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò. Ní 1984 ó gbé iṣẹ́ kan kalẹ̀ ní IRCAM, iléeṣẹ́ ìwádìí orin ní Paris, níbi tí àwọn olórin ti ń dá orin lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Láàárín 1986 sí 1988 ló wá kọ Voyager ní Amsterdam, nílé iṣẹ́ STEIM, pẹ̀lú èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Forth.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Olórin ń fọn fèrè. Ẹ̀rọ kan ń yí ohùn rẹ̀ sí nọ́ńbà: ó ga tó báyìí, ó le tó báyìí, ó yára tó báyìí. Voyager ń kó àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn jọ. Nínú rẹ̀, olórin 64 tí ojú ò rí ló wà, kálukú ń dá tirẹ̀ ṣe. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 7, ètò náà á tún wọn pín sí ẹgbẹ́ tuntun: èyí á máa lọ sókè sódò, èyí á dákẹ́, èyí á máa yára, ohun èlò tiwọn á yí, ìlànà ohùn tiwọn á yí. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á sì pinnu ohun tó fẹ́ fi ohùn olórin náà ṣe. Ó lè tẹ̀ lé e. Ó lè ṣe òdì-kejì rẹ̀. Ó sì lè ṣe bíi pé kò gbọ́ rárá.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí nìyẹn. Lewis kò fi bọ́tìnì kankan sí i tó lè fi pàṣẹ fún un pé "dákẹ́" tàbí "ó yá, ìwọ ló kàn." Kò sí ẹsẹ̀ tí yóò tẹ̀, kò sí àmì tí yóò ṣe. Bó bá fẹ́ kí Voyager yí ọ̀nà padà, ó ní láti fi trombone sọ ọ́, Voyager sì lè má gbà. Bí olórin bá sì kọ̀ tí kò ṣe nǹkan kan, Voyager á máa bá orin tirẹ̀ lọ.

Èmi gbà pé ó ń gbọ́, níwọ̀n ìgbà tí ohun tí mo ṣe bá lè yí ohun tó máa ṣe padà, tí kò sì jẹ́ dandan kó yí i. Ẹ̀rọ tó kàn ń tẹ̀ lé mi bí òjìji, èmi nìkan ni mò ń ṣeré níbẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń bá wa jiyàn lórí èyí. Kí wọ́n wá jókòó ti ètò náà fún wákàtí kan ná.

Ẹni tó dojú kọ láptọ́ọ̀pù lórí pèpéle, báwo la ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe ímeèlì ló ń kà?

Ẹ̀dùn ọkàn àwọn èèyàn yìí ti pẹ́, àwọn tó ń ṣe é sì gbọ́. Ní 2004, ní Hamburg, àwọn kan dá ẹgbẹ́ TOPLAP sílẹ̀, Alex McLean wà lára wọn. Ohun tí wọ́n ní kí gbogbo olórin máa ṣe ni kó gbé ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sára ògiri, kí èrò máa wo bó ṣe ń kọ kóòdù náà. Bó bá ṣe àṣìṣe, gbogbo ayé á rí i. Láti nǹkan bí 2012 ni wọ́n ti ń ṣe ti ijó rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní algorave, tí àwọn èèyàn ń jó sí kóòdù mọ́jú.

Kẹ́ ẹ má bàa rò pé awo ni, ẹ wo ìlà mẹ́rin ní èdè Sonic Pi, tí Sam Aaron bẹ̀rẹ̀ ní 2012 fún àwọn ọmọ iléèwé:

live_loop :ilu do
  sample :bd_haus
  sleep 0.5
end

Ìlà kìíní sọ fún kọ̀ǹpútà pé nǹkan kan ń bọ̀ tí kò ní dáwọ́ dúró, orúkọ rẹ̀ ni ilu. Ìkejì ní kó lu ìlù ńlá. Ìkẹta ní kó dúró fún ìdajì ìṣísẹ̀. Ìkẹrin dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ Run, ìlù bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ṣì ń dún, ẹ yí 0.5 sí 0.25, ẹ tún tẹ Run: kò ní dúró, kò ní kọsẹ̀, yóò kàn sáré sí i nígbà tó bá kan ibẹ̀. Àwọn tó ń wò á rí nọ́ńbà tó yí, wọ́n á sì gbọ́ ọ pọ̀.

Ìlù tiwa ńkọ́? Ṣé ó lè wọ inú nǹkan wọ̀nyí?

Ó ti wọ̀ ọ́ lápá kan, apá kejì sì ń le.

Ní 2005, Godfried Toussaint, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì McGill, fi hàn pé ìṣirò kan tí Euclid ará Gíríìsì kọ láyé àtijọ́ lè bí ọ̀pọ̀ ìlù inú ayé. Ìṣirò náà kò ṣe ju pé kó pín ìlù mélòó kan sáàárín àyè mélòó kan kí wọ́n jìnnà síra bó ṣe ṣeé ṣe tó. 3 nínú 8 fún wa ní ìlù tí wọ́n ń lù jákèjádò Kúbà. 7 nínú 12 sì bí ìran agogo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kọ́nkọ́lọ́ wa wà nínú ìran yẹn:

x . x . x x . x . x x .

Ẹ fẹnu kà á: kọ́n, kọ́n, kọ́lọ, kọ́n, kọ́lọ. Nínú TidalCycles, èdè tí Alex McLean ṣe, ẹ kàn máa kọ (7,12) lẹ́yìn orúkọ ìró ni. Nọ́ńbà kẹta wà tẹ́ ẹ lè fi yí ibi ìbẹ̀rẹ̀ padà títí yóò fi bá kọ́nkọ́lọ́ mu. Ẹni tó gbé irú ìṣirò yìí kalẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, Bjorklund, ẹ̀rọ àwọn onímọ̀ físíìsì ló ń ṣe é fún, orin ò sí lọ́kàn rẹ̀ rárá. Mo gbádùn ìyẹn gan-an. Síbẹ̀, ẹni tó bá kọ (7,12) kò tíì lu nǹkan kan. Ibi tí oníṣẹ́kẹ́rẹ́ fà sẹ́yìn díẹ̀, ibi tí ìyáàlù ti já lu ọ̀rọ̀, ìyẹn ò sí nínú nọ́ńbà méjì.

Apá tó le ni dùndún. Ní 1983 ni àwọn tó ń ṣe kíbọ́ọ̀dù fẹnu kò lórí MIDI, èdè tí ọ̀pọ̀ ohun èlò orin oníná fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ dòní. Dùùrù ló wà lọ́kàn wọn: wọ́n tẹ kọ́kọ́rọ́ yìí, wọ́n gbọ́wọ́ kúrò lórí kọ́kọ́rọ́ yẹn, kọ́kọ́rọ́ 128 ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n àyàn kò ní kọ́kọ́rọ́. Kọ̀ǹgọ́ balẹ̀, ọwọ́ kejì ń fún awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ìlù ká, ohùn sì ń yọ́ láti ìsàlẹ̀ bọ́ sókè kí ọ̀rọ̀ tó délé. MIDI lè fa ohùn lóòótọ́, àmọ́ bó bá fa ọ̀kan, gbogbo ohùn tó wà lójú ọ̀nà kan náà ló ń fà pọ̀. Ọdún 2018 ni wọ́n tó fọwọ́ sí àtúnṣe tí wọ́n ń pè ní MPE, tó jẹ́ kí ohùn kọ̀ọ̀kan ní ìfà tirẹ̀. Ìdí nìyí tí ìró ìlù tó ń sọ̀rọ̀ tó wà nínú kíbọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú fi máa ń dà bí ẹni tó ń sọ ìsọkúsọ: ohùn ìlù ni, ọ̀rọ̀ kọ́.

Lewis ti sọ irú rẹ̀ nínú àwọn ìwé tó kọ: ètò orin kọ̀ǹpútà máa ń gbé àṣà àwọn tó kọ ọ́ sínú. Bí àwọn ọmọ àyàn bá jókòó kọ tiwọn láti ìbẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa kọ kò ní jẹ́ ti kọ́kọ́rọ́ dùùrù. Mò ń dúró de ẹni tó máa ṣe é. Bí ẹ bá ti ń ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ké sí wa.

Kí ló dé tó fi máa ń pariwo bẹ́ẹ̀?

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹ ní láti na etí kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ. Àwọn mìíràn pariwo nítorí wọ́n fẹ́ràn ariwo, mi ò ní bá wọn wá àwáwí. Ẹ lọ pẹ̀lú ohun ìdíwọ́ etí. Kò sí ẹni tó máa bínú sí yín.

Mi ò fẹ́ jókòó sídìí láptọ́ọ̀pù. Ṣé ọ̀nà mìíràn wà?

Ó wà. Michel Waisvisz ní STEIM ṣe ohun tó ń fi sọ́wọ́ méjèèjì ní 1984: bó bá na ọwọ́, ohùn á yí, bó bá pa ọwọ́ pọ̀, òmíràn á jáde. Laetitia Sonami náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìbọ̀wọ́ kan ní 1991, wáyà kún un láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ara rẹ̀ fi mọ ọ́n bí onífáólì ṣe mọ fáólì. Pauline Oliveros fi akọ́díónì tirẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń fa ohùn sẹ́yìn, tó ń bá gbohùngbohùn ara rẹ̀ ṣeré. Ẹ lè fi fóònù ṣe é, ẹ lè fi ọ̀pá ṣe é. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ jókòó ti ohun kan ṣoṣo pẹ́ títí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ṣe ohun èlò tuntun lóṣooṣù, tí wọn ò sì mọ èyíkéyìí lò.

Ṣé AI nìyí?

Kì í ṣe irú èyí tó ń kọ orin fún yín bẹ́ ẹ bá ti tẹ ọ̀rọ̀ méjì. Voyager ò ka orin ẹnikẹ́ni kó tó máa ṣeré. Òfin tí Lewis kọ sínú rẹ̀ ló ń lò. Àwọn kan ti ń lo irú AI tuntun lójú agbo báyìí. Ìbéèrè tí mo bi gbogbo nǹkan náà ni mo ń bi ìyẹn: bí mo bá yọwọ́ lójijì, ṣé ó máa mọ̀?

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí ni kí n rà?

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Láptọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ ní ti tó, ì báà ti gbó. Àwọn ètò tẹ́ ẹ lè fi ṣe orin ni Sonic Pi, SuperCollider àti Pure Data, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ràn láti máa kọ̀wé, ẹ gba Sonic Pi. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ràn láti máa fa ìlà láti àpótí kan sí òmíràn, Pure Data lẹ máa fẹ́ràn; Miller Puckette tó ṣe é ní 1996 ló kọ́kọ́ ṣe Max ní IRCAM, tó fi orúkọ Max Mathews sọ. SuperCollider lágbára jù, òun ló sì máa kọ́kọ́ tán yín ní sùúrù. Fóònù etí tó dáa ṣe pàtàkì ju kíbọ́ọ̀dù lọ, nítorí sípíkà inú láptọ́ọ̀pù kì í gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde.

Mo bá tẹ bọ́tìnì, ohùn máa ń pẹ́ kó tó jáde.

Kọ̀ǹpútà máa ń kó ìró jọ díẹ̀díẹ̀ kó tó jù ú sí sípíkà. Bó bá ń ka ìró ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tẹ́ ẹ sì ní kó máa kó 512 jọ lẹ́ẹ̀kan, ó ti pẹ́ tó nǹkan bí 12 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, láìka ohun mìíràn tó ń fà á sẹ́yìn. Ẹ dín in kù sí 128, yóò di bíi 3. Bẹ́ ẹ bá dín in kù jù, kọ̀ǹpútà ò ní lè bá a, ẹ máa gbọ́ ìró tó ń ta pàràpàrà. Ibi tí ìró yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ sún un padà sókè díẹ̀. Lórí Windows, ẹ wá ASIO sínú rẹ̀, ètò kékeré tó ń jẹ́ kí ohùn tètè jáde. Ó máa ń mú ìyàtọ̀ ńlá wá.

Iná ńkọ́?

Á! Ẹ gba agbára sínú bátìrì láptọ́ọ̀pù yín kẹ́ ẹ tó gòkè. Bí ìró "hùùù" bá ń jáde nínú sípíkà, ẹ yọ ṣájà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ló ti ń wá. Iná ilẹ̀ wa ń lọ ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn yẹn gan-an lẹ ń gbọ́, pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Inverter olówó pọ́ọ́kú máa ń fi ìró tó le jù ìyẹn lọ kún un. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí máíkì. Bí iná bá lọ, láptọ́ọ̀pù á ṣì máa ṣiṣẹ́, sípíkà ò ní dún: nítorí náà ẹ bi àwọn onígbọ̀ngàn léèrè ṣáájú pé ta ló máa tan jẹnẹrétọ̀, báwo ni yóò sì ṣe pẹ́ tó.

Ṣé owó wà níbẹ̀?

Díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo dárúkọ ń kọ́ni ní yunifásítì.

Mo ti ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ, kò sí ìró kankan tó jáde.

Ẹ wò ó bóyá ohùn láptọ́ọ̀pù ti wà ní òdo. Ẹ wo inú ètò náà bóyá ibi tó ń rán ìró sí ni fóònù etí tẹ́ ẹ ti yọ. Nínú Pure Data, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n kọ DSP sí lára. Bẹ́ ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́, kò ní dún láéláé. Nínú SuperCollider, ẹ ní láti kọ́kọ́ jí sáfà rẹ̀ (server, apá tó ń mú ìró jáde) kẹ́ ẹ tó rán an níṣẹ́. Nínú Sonic Pi, ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀: bí ọ̀rọ̀ àṣìṣe bá wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti gbàgbé láti kọ "end". Ẹ ti ètò náà pa, ẹ tún un ṣí, ẹ sì kọ́kọ́ dín ohùn kù kẹ́ ẹ tó tẹ Run, nítorí bó bá dún lójijì, ó lè dí yín létí.